Ọkọ tí kì í bínú, ìyàwó tí kì í dákẹ́: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Lọ́ńdọ̀nù

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni tọkọtaya yìí ti fẹ́ra kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ èmi olùdámọ̀ràn. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn sì ti kúrò nílé. Ọkọ ń ṣe iṣẹ́ iná fún rélùwéè, alẹ́ ló sì máa ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ìtàn wọn kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀, àwọn méjèèjì sì gbà pé kí n kọ ọ́.

Ikú ìyá ọkọ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá kú sí. Ọkọ ló sanwó ibojì, òun ló sanwó onílù, òun ló yan aṣọ ẹbí, òun náà ló bá ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ìyá sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹbí gbà pé ìsìnkú náà lọ́lá. Kò sunkún. Nígbà tí wọ́n padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá kékeré, ó ní nítorí iṣẹ́ alẹ́ ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ alẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é níbi iṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí kò bá gbé fóònù, á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohùn yẹn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Dádì, ẹ jọ̀ọ́”, á sì parí sí èébú. Bí obìnrin ṣe ń pè ni ọkùnrin ń sá, bí ọkùnrin ṣe ń sá ni obìnrin ń pè.

Ẹbí ló kọ́kọ́ dá sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ pe ìpàdé lórí fóònù, àwọn kan wà ní Ìjẹ̀bú, àwọn kan ní Houston, àwọn yòókù ní Peckham. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó. Wọ́n bi ọkọ léèrè, ó ní, “Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n. Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.” Wọ́n yìn ín. Wọ́n ní láti kékeré làwọn ti mọ̀ ọ́n sí onísùúrù, sùúrù sì ni baba ìwà. Wọ́n ní kí ìyàwó wa kó ẹnu rẹ̀ níjàánu. Ohun tí pásítọ̀ wọn sọ kò yàtọ̀, ẹsẹ Bíbélì ló fi kún un.

Ìyàwó gbìyànjú. Ó dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójú ẹbí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkọ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn tu òun lára gan-an. Ìyàwó ní òun kò rí oorun sùn. Nígbà tó yá, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpótí méjì, ó gbé wọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìta, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó ń retí kí ọkọ jí kó bi òun léèrè ibi tí òun ń lọ. Ọkọ jí, ó rí àpótí, ó ní, “Ṣé kí n bá ọ gbé e dé ìdí mọ́tò?”

Gbólóhùn yẹn ni wọ́n gbé wá fún mi. Lójú ìyàwó, ẹ̀rí ni pé ọkùnrin yìí kò ní ọkàn. Ọkọ kò rí ohun tó burú níbẹ̀: àpótí wúwo, òun sì fẹ́ ran ìyàwó òun lọ́wọ́. Ìyàwó ti wo fídíò tó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò tíì jókòó tán tó fi sọ fún mi pé, “Avoidant ni wọ́n, gbogbo àmì rẹ̀ ló wà lára wọn.” Ẹni tó máa ń sá fún ìsúnmọ́ra ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń sọ. Ọkọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ilẹ̀. Orúkọ tó yẹ kó là wọ́n lóye ti di òkò tí wọ́n fi ń sọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí ìmọ̀ yìí, ìmọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń so mọ́ ẹni tó fẹ́ràn (attachment), ti wá, nítorí àwọn kan nínú àwa olùdámọ̀ràn rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. John Bowlby, dókítà ọpọlọ ní Tavistock Clinic ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ó ní síso mọ́ ẹni tó ń tọ́jú wa kì í ṣe àkẹ́jù, ara ohun tó ń dá ẹ̀mí ọmọ sí ni, àti pé bí ẹni náà bá ṣe ń dá igbe ọmọ lóhùn ni ọmọ á ṣe kọ́ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ṣùgbọ́n Uganda ni Mary Ainsworth, ẹni tó bá a ṣiṣẹ́, ti lọ jókòó sílé àwọn abiyamọ láti fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ní 1954 sí 1955: ìdílé 26 ní àwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala, níbi tí ìyá àgbà àti àwọn ará ilé ti ń bá ìyá gbé ọmọ bíi tiwa. Lẹ́yìn náà ló gbé ìdánwò rẹ̀ kalẹ̀ ní Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ìyá á jáde kúrò nínú yàrá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á padà wọlé, wọ́n á wá máa wo ọmọ ọdún kan náà. Ẹkún ìgbà tí ìyá jáde kọ́ ló sọ ohun tó pọ̀ jù, ohun tí ọmọ ṣe nígbà tí ìyá padà ni. Àwọn kan sá lọ bá a, ara wọn balẹ̀, wọ́n padà sídìí eré. Àwọn kan rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n tún ń tì í, ẹkún kò sì dá. Àwọn kan kò tilẹ̀ wò ó, wọ́n ń bá eré wọn lọ; àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní avoidant. Ní 1987 ni Cindy Hazan àti Phillip Shaver fi ìwé ìròyìn kan ní Denver bi àwọn àgbàlagbà léèrè bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn, wọ́n sì rí i pé ìwà mẹ́ta yìí kò tán nígbà èwe.

Ohun tí fídíò kì í sábà sọ ni pé ìwà wọ̀nyí kì í ṣe ilà ojú. Ó ní bó ṣe ń pọ̀ tó lára ẹnì kan, ó sì lè rọlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ọ̀pọ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀: kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì tún un sọ kó tó fèsì. Ọkọ mọ̀ ọ́n ṣe ju ìyàwó lọ. Á tún gbogbo rẹ̀ sọ láìfi nǹkan kan sílẹ̀, á ní, “Mo gbọ́. Kò burú,” á sì dákẹ́. Ìyàwó á wá tún bú sẹ́kún. Ohun tí èyí fi hàn mí ni pé ìlànà ìsọ̀rọ̀, bó ti wù kó dára tó, lè di yàrá kékeré mìíràn fún ẹni tó mọ bí a ṣe ń fara pamọ́ sínú ìwà rere.

Mo wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lo ìbéèrè kan láti inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Mary Main àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Berkeley ní àwọn ọdún 1980: ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ márùn-ún tó sọ bí ẹ̀yin àti ìyá yín ṣe wà nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kí ẹ sì fi ìrántí kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

Ìyàwó kò tíì dé ọ̀rọ̀ kẹta tí àkókò wa fi tán. Ìyá rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ó sì máa ń ná ọjà dé Kútọnu. Kí ọmọ má baà sunkún, ìdájí ni ìyá máa ń yọ́ jáde. Bó bá dé lọ́jọ́ kan, á gbé ọmọ jó, á bu búrẹ́dì fún un. Bó bá dé lọ́jọ́ mìíràn, ó ti rẹ̀ ẹ́, àwọn olówó ti dí i lọ́nà, ìgbájú ló máa fi dá ìkíni ọmọ padà. Ọmọ náà kọ́ láti má sùn wọra. Ó máa ń so etí ìró ìyá rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lálẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń bínú sí ìyá náà bí ẹni pé àná ni, lójú ẹsẹ̀ á tún máa gbèjà rẹ̀, lẹ́yìn náà á tún bínú.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ti ọkọ jáde kíákíá: ó dáa, ó ṣiṣẹ́, ó le, ó ṣe ojúṣe rẹ̀, kò sí wàhálà. Mo ní kó fún mi ní ìrántí kan fún “ó dáa”. Ó ronú. Ó ní, “Wọ́n san owó ilé ìwé mi.” Mo ní ìrántí tí ìyá fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni mo ń wá. Kò rí ọ̀kan. Ló bá béèrè, bí ẹni tó ń kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù, pé, “Ìyá wo?”

Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí àwọn ọdún 1960. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, ìyá ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọ̀dọ́ lè má mọ̀ nípa èyí, ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1950 wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni òbí wọn fi fún àwọn ìdílé òyìnbó tọ́ ní Kent, Sussex àti àwọn ibòmíràn. Àwọn òbí ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà, onílé kò sì fẹ́ ẹkún ọmọdé. Ìwé ìròyìn Nursery World ni ọ̀pọ̀ ń polówó sí láti wá alágbàtọ́, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń sanwó. N kì í bá àwọn tó ń bú òbí wọ̀nyẹn lọ́wọ́ sí i. Ohun tí wọ́n mọ̀ láti ilé ni pé ọmọ lè dàgbà lọ́dọ̀ ẹni tí kò bí i. Ohun tí wọn kò rí ni pé lójú ọmọ, ẹni tó ń gbé e sùn lójoojúmọ́ ni ìyá.

Ọmọ oṣù díẹ̀ ni ọkùnrin yìí nígbà tí wọ́n gbé e dé etíkun Kent. Ìyá òyìnbó náà ló ń pè ní Mum. Àwọn òbí rẹ̀ máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe gbogbo Àìkú, wọ́n á wọṣọ tó dára, wọ́n á kó nǹkan wá, òun á sì sá pamọ́ sẹ́yìn àga. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje wọ́n gbé mọ́tò wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú un lọ wo ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá òyìnbó dúró ní ẹnu géètì, ó ń sunkún, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n lọ wò náà ni wọ́n wọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo ó ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà kò sì gbọ́ Yorùbá. Ó sunkún, ó sunkún, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Gbogbo ilé ní, “Ó ti mọ́ ọn lára.” Nígbà tó yá ó fẹ́ràn ìyá àgbà náà gan-an, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta wọ́n fi í sí bọ́ọ̀dìn. Ìyá àgbà kú nígbà tó wà ní ilé ìwé, wọn kò sọ fún un kí ìdánwò rẹ̀ má baà dàrú. Ìgbà tó dé fún ìsinmi ló bá yàrá ní títì.

Ó sọ gbogbo èyí láìyí ohùn padà. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, òun sì rí àǹfààní ìwé ìrìnnà ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀.

James Robertson, tó bá Bowlby ṣiṣẹ́, ti rí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọn kì í jẹ́ kí òbí wọlé wo ọmọ bó ṣe yẹ. Ọmọ á kọ́kọ́ ké, á jà. Lẹ́yìn náà á sorí kọ́. Lẹ́yìn èyí ni á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, á rẹ́rìn-ín sí nọ́ọ̀sì, inú àwọn òṣìṣẹ́ á sì dùn pé ara rẹ̀ ti wálẹ̀. Bí ìyá bá dé lákòókò yẹn, ọmọ lè má wò ó. Ní 1952 ni Robertson gbé fíìmù jáde kí àwọn dókítà lè fi ojú ara wọn rí i. Ó di 1959 kí ìgbìmọ̀ Platt ti ìjọba tó dámọ̀ràn pé kí ilé ìwòsàn ṣí ilẹ̀kùn fún òbí. Ẹ fi èyí wé ohun tí ẹbí wí lórí fóònù: láti kékeré làwọn ti mọ̀ ọ́n sí onísùúrù.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kò tọwọ́ mi wá. A tún jókòó pọ̀, ìyàwó ń sọ̀rọ̀ àpótí lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ti ga, omijé ti dà. Ọkọ gbé ọwọ́ lé orúnkún, ojú rẹ̀ tutù. Aago ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Irú aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù ni, ọmọ wọn ló rà á fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó fi ọwọ́ kejì bò ó. Ìyàwó fa ọwọ́ náà, ó wò ó: 128. Kò gba aago gbọ́. Ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe, ó kà á fúnra rẹ̀. Ẹkún rẹ̀ dá.

Ó ní, “Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

Ọkọ ní, “Kí ni kí n sọ?”

Alan Sroufe àti Everett Waters ti tẹ èyí jáde ní 1977 nípa àwọn ọmọ inú ìdánwò Ainsworth: àwọn tí kò wo ìyá wọn, tí wọ́n ń bá eré lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ọkàn wọn ń sáré. Ìyàwó yìí ti ń pariwo láti ọdún yìí wá kó lè mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nínú ilé. Ẹni náà wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo wá bi ọkọ léèrè ohun tí ẹkún ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún un. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. “Bí obìnrin bá ti ń sunkún, a ti ń kúrò níbẹ̀ nìyẹn.” Ìyàwó gbé ojú sókè. Òun ti rò láti ìgbà yìí wá pé ẹkún ni yóò dá a dúró, bí etí ìró tó ń so mọ́ ọwọ́. Ọkọ ní tirẹ̀ rò pé bí òun bá rọra jáde kúrò nínú yàrá láìsọ nǹkan, ìjà á kúrú, ilé á sì dúró. Kò mọ̀ pé yíyọ́ jáde gan-an ni ohun tí obìnrin yìí ń bẹ̀rù láti ọmọdé. Ẹ̀rù kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì, ẹ̀rù pé a fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ẹnì kan kọ́ pé igbe ló ń mú ìyá padà nígbà mìíràn, ẹnì kejì kọ́ pé igbe kì í mú ẹnikẹ́ni padà.

Láti ibẹ̀ lọ, n kò tún sọ fún ọkọ pé kó “sọ ohun tó wà nínú rẹ̀”. Mo ní kó máa sọ aago. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná tó sì fẹ́ jáde, kó sọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tó máa padà: “Mò ń lọ sí yàrá kékeré, màá jáde ní aago mẹ́jọ.” Kó sì jáde ní aago mẹ́jọ. Ìyàwó náà kò ní tẹ̀ lé e títí aago mẹ́jọ, bó bá sì fẹ́ nǹkan, kó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan láìfi ẹjọ́ àná kún un. Èyí le fún ìyàwó ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Láàárín ìdúró yẹn ó máa ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ó ń lọ dáadáa títí di alẹ́ kan tí iná fóònù ọkọ tán lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó wọ mọ́tò lóru, ó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó dúró ní géètì, ó ń pe orúkọ rẹ̀ níwájú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹbí gbọ́, wọ́n ní a rí i bí, wọ́n ní kí wọ́n ya ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ọkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bínú. Ó gbá ọwọ́ àga, ó ní, “O dójú tì mí! O ò fọkàn tán mi rárá! Ó dùn mí!” Ìyàwó, tí mo rò pé yóò bú padà, jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò ó bí ẹni tó rí àlejò tó ti ń retí. Ẹni tó bá rí ìbínú yẹn nìkan á ní nǹkan ti bàjẹ́. Ní tèmi, ibi tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ wa nìyẹn: fún ìgbà àkọ́kọ́ ọkùnrin yìí jà fún ìbáṣepọ̀ rẹ̀ dípò kó bá wọn gbé àpótí.

Lẹ́yìn èyí ló ní òun fẹ́ lọ sí Kent, òun nìkan. Ìyá òyìnbó ti kú tipẹ́. Ó sọ aago tó máa padà, ó sì pẹ́ ju aago yẹn lọ, ṣùgbọ́n ó pe ìyàwó rẹ̀ láti inú rélùwéè. Ìyàwó ní òun kò pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti àárọ̀. Ọmọ wọn obìnrin sọ pé irọ́ ni, pé ẹ̀ẹ̀mejì ló pè.

Wọn kò ya ara wọn. Ó ṣì ń sùn ní yàrá kékeré bó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Ìyàwó ṣì ń yẹ fóònù wò. Ẹbí ṣì ń pe ọkọ ní onísùúrù, n kò sì rò pé wọ́n máa jáwọ́.

Fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, tàbí tí ẹbí ń pè láti bá wọn dá sí ọ̀rọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí màá tẹnu mọ́ ni ìbéèrè. “Ṣé àwọn òbí yín tọ́jú yín?” kò mú nǹkan kan jáde, ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀kọ́ ilé á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ béèrè ọwọ́ ta ló ti dàgbà, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ọdún sí ọdún, kí ẹ sì béèrè fún ìyípadà kọ̀ọ̀kan pé ta ló sọ fún un ṣáájú, kí ni wọ́n sọ, ṣé ó tún fojú rí ẹni tó fi sílẹ̀. Pípọ̀ tí ọwọ́ tó gbé ọmọ pọ̀ kì í ṣe àrùn lọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ tó dàwátì láìsí àlàyé ni kí ẹ wá.

Ẹ má jẹ́ kí ohùn tó ga yàn yín sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú ilé Yorùbá, ẹni tó dákẹ́ ti jàre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọkùnrin. Bí a bá pa ẹnu aláriwo dé tí a kò ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó dákẹ́, àpótí ni yóò jáde. Bí wọ́n bá sì gbé orúkọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ara ń ṣe nígbà tí orúkọ yẹn bá bá wọn.

Bí ẹnì kan bá ṣe ìsìnkú tó gún régé láìsí omijé, ẹ béèrè àwọn òkú mìíràn tí wọn kò jẹ́ kó sin. Ọkọ yìí ní méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì tíì di ìtàn. Òfin Children Act ti 1989 ti sọ ọ́ di dandan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kàńsù gbọ́dọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kan ọmọ oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ń gbé lọ bá ìyá àgbà ní Ìbàdàn nítorí owó olùtọ́jú ọmọ ti wọ́n jù, tí wọ́n á sì tún já gbà padà nígbà tó bá tó ilé ìwé. Bí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá bi yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bi. Ẹ sọ fún wọn pé bí àkókò àtigbé ọmọ padà bá tó, kí wọ́n lọ gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà fúngbà díẹ̀ kí ọmọ tó mọ̀ wọ́n. Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ọmọ bí kò bá tilẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n mú aṣọ ìbora tó fi ń sùn dání, kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Kí ìyá àgbà sì máa yọjú lórí fóònù lójoojúmọ́, kódà bí ọmọ bá ń ké nígbà tó rí i. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń dẹ́kun ìpè náà nítorí ẹkún yẹn, wọ́n á ní ó ń dá ọmọ lọ́kàn rú. Kí wọ́n máa bá a lọ.